Iná Tó Ń Dìde Kí Ènìyàn

Òkùnkùn tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀bá odò yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe òkùnkùn kékeré. Òkùnkùn tó ṣeé gbé lé òṣùwọ̀n ni. Bí ẹ bá na ọwọ́ yín síwájú, ẹ ó wá ọwọ́ náà tì. Ẹ̀fọn tó bá fẹ́ jẹ ènìyàn níbẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo lẹ wà?" Ọkùnrin kan kúrò ní ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ń gba ibẹ̀ lọ sílé. Ó rìn, ó rìn, ó kan ilẹ̀kùn kan, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣílẹ̀kùn." Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì tó ti dìde.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà gidi ni o. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó tọ etí odò lọ, ó gba orí afárá onípákó kọjá, ó sì já sí àwọn ilé tó wà ní ìparí pátápátá. Ibẹ̀ ni Fíúsì ń gbé. Fíúsì ni gbogbo ìlú ń pe oníṣẹ́ iná káńsù, nítorí pé bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan án báyìí, ó ti gbiná. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ ti débẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bá odò yìí náà ló sì ń gbà. Láràárọ̀, bí obìnrin náà bá ti jáde, Fíúsì á dùbúlẹ̀, á la ojú sílẹ̀, á máa fi ọkàn bá a rìn. Ó ti dé afárá báyìí. Ó ti dé ibi gbòǹgbò igi. Ó ti dé ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá tó sọ pé ó ti dé ilé ìwòsàn ni oorun á tó gbé e.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí káńsù ní àwọn fẹ́ tún ọ̀nà náà ṣe kí gbogbo ìlú lè máa rìn níbẹ̀, kí àwọn sì tan iná sí i, ọ̀rọ̀ náà kọjá iṣẹ́ oṣù lára Fíúsì. Ó fẹ́ kí iná náà dé ìparí. Kó má ṣe dúró ní àárín ọ̀nà. Kó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàwó òun.

Yàrá ìpàdé káńsù ni wọ́n ti jókòó lé ọ̀rọ̀ ọ̀hún lórí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣeé ṣí níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣí i, á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìyá Alága ló jókòó sí ìdí tábìlì níwájú, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ìyá yìí bá fi ojú wò yín láti orí awò ojú rẹ̀, ẹ ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná yín bóyá ó mọ́. Akápò jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọkùnrin yìí, bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ rò ó bóyá ó pọn dandan.

"Òpó gíga ló yẹ wá," ni Akápò wí. "Iná tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbójú sókè wò ó, fìlà á bọ́ lórí rẹ̀. Ìlú á mọ̀ pé a tan iná."

"Ọ̀gá Akápò," ni Fíúsì wí, "owó tó wà nílẹ̀ á gbé òpó gíga dé orí afárá, ó tán. Oṣooṣù la ó sì tún máa sanwó iná rẹ̀. Àwa tí a ń gbé lẹ́yìn afárá ńkọ́? Ṣé ká wá dúró lórí afárá ká máa wo iná àwọn ẹlòmíì, ká máa pàtẹ́wọ́?"

"Kí wá ni tìrẹ?"

Fíúsì gbé tirẹ̀ ka orí tábìlì. Iná kúkúrú kan ni, kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé lọ. Sólà wà lórí rẹ̀ bí fìlà, bátìrì wà nínú rẹ̀, ojú kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ènìyàn lójú ọ̀nà, iná náà á rẹlẹ̀ bí ẹyín iná ìdáná, á máa fi bátìrì rẹ̀ pamọ́. Bí ojú kékeré yẹn bá ti rí ẹni tó ń bọ̀, á mọ́lẹ̀ gbòòrò. Bí ẹni náà bá kọjá tán, á tún rẹlẹ̀ padà. "Nítorí pé kì í mọ́lẹ̀ lásán ni bátìrì rẹ̀ fi lè kéré. Nítorí pé bátìrì rẹ̀ kéré ni owó rẹ̀ fi kéré. Nítorí pé owó rẹ̀ kéré ni a fi lè rì í dé ìparí."

"Iná tó ń tòògbé!" Akápò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo èmi yìí, mo ra bàtà olówó pọ́ọ́kú rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú mi délé."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Fíúsì gbiná. Ó ti la ẹnu tán kí Ìyá Alága tó fi bírò kan tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni ìyá náà wí. "Fíúsì, lọ rì wọ́n láti ilé ìwòsàn dé afárá. Bí wọ́n bá wà láàyè títí ilẹ̀ á fi mọ́, tìrẹ la ó rà, títí dé ìparí. Bí wọ́n bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, òpó gíga la ó rì, ibi tí owó bá sì ti tán ni kó dúró sí. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ọjọ́ tí Fíúsì ń rì wọ́n, bàbá rẹ̀ wá síbẹ̀. Fèrè ni wọ́n ń pe bàbá yìí, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, bó bá sì ti fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀, àwọn tó wà ní ìlú kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ òun náà wa ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ní wáyà ni òun fẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tó dáa kan kò jáde láti ẹnu Fèrè sí etí Fíúsì. "Ìwọ àti wáyà ẹ" ló máa ń pè é, bí ẹni tó ń pe tọkọtaya tí kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn.

Fèrè fi ọ̀pá kan ọ̀kan nínú àwọn iná náà. "Ṣé nǹkan kúkúrú wọ̀nyí ni?"

"Àwọn ni, Bàbá."

"Wọn ò jẹun kánú ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń rí nìyẹn, sà."

"Hùn-ún." Bàbá náà yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú kò ti Fíúsì rárá, ó ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ ó gún ilẹ̀ mọ́ ìdí iná tó tẹ̀lé e débi pé odidi erin kan kò lè fà á tu.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó Fíúsì ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń tiro.

"Ọkọ mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Àwọn ọmọ yín ti kú."

"Ọmọ wo?"

"Àwọn kúkúrú. Láti afárá dé ilé ìwòsàn, gbogbo wọn. Mo kí àkọ́kọ́, kò dáhùn. Mo kí ìkejì, kò dáhùn. Ìgbà tí mo máa kí ìkẹta, òkúta ló bá mi dáhùn." Ó ká aṣọ sókè, ó fi ojúgun rẹ̀ hàn. Ojúgun náà ti wú, ó ń dán, bí ẹyin ògòǹgò.

Fíúsì sáré lọ síbẹ̀. Ó nu sólà, ó tún wáyà so, ó yẹ bátìrì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí dókítà. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún ti kú. Ní káńsù, Akápò wá ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka lé ètè: "Ẹ rọra o, iná Fíúsì ń sùn." Ìyá Alága ní kò sí wàhálà, ìgbìmọ̀ á wá fi ojú ara wọn wò ó lọ́la.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Fíúsì ṣe ṣíwọ́, kò yà sílé. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi kan lẹ́bàá odò. Ó ní olè kan ń jí iná òun mu, àfi kí òun rí irú ẹnu tó fi ń mu ún.

Oòrùn wọ̀. Àwọn iná kúkúrú tan wẹ́rẹ́, wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n ń ṣọ́nà jẹ́jẹ́. Fíúsì sì gbọ́ ọ.

Píííííììì!

Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni. Ẹyẹ tó wà lórí igi gbàgbé pé òun ní ìyẹ́, ó bọ́ sílẹ̀ gbì. Láti ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ yọ. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mànà, ó fi fèrè sẹ́nu. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn gbé ọwọ́ lé tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n to bí àgọ́ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bábà tó ń gẹ irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà ní àpò àyà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, ó ní iwájú iná yẹn ni wọ́n á ti ya fọ́tò òun. Bí mo bá ní ìdajì ìlú ni, mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n pọ̀ débi pé odò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè fún wọn láyè.

"Ẹ dúró!" Fèrè na ọwọ́ sókè. "Ẹ má mira. Ẹ rí i? Ó ti rẹlẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣe." Ó ṣí fìlà, ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Iná mọ́lẹ̀ gbòòrò.

"Háààà!"

"Ó dìde kí mi! Ẹ rí i pé ó dìde kí mi? Ọmọ mi ló kọ́ ọ. Ó ní, bó o bá ti rí ènìyàn, má jókòó sílẹ̀, dìde!"

"Bàbá, ṣé ó máa ń kí obìnrin pẹ̀lú?" ni nọ́ọ̀sì kan béèrè.

"Bọ́ síwájú, ọmọ mi."

Obìnrin náà bọ́ síwájú, iná tó kàn dìde. Ó lọgun. "Ó kí mi o! Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ọkọ mi ò kí mi báyìí rí!"

Bábà tọ́ bàbá náà níjà. "Fèrè, ọmọ yín yìí, ṣebí òun náà lẹ ní kò níláárí, pé wáyà ló máa jẹ?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Fèrè nàró ṣánṣán. "Ìwọ gbọ́ mi dáadáa. Èmi tí ẹ ń wò yìí, wọ́n tẹ́ irin sílẹ̀ fún mi kí n tó jáde nílé. Mo fẹ́ mo kọ̀, mi ò lè ṣìnà. Ọmọ mi ni wọn ò tẹ́ nǹkankan sílẹ̀ fún. Inú òkùnkùn ló wọ̀, ó la ọ̀nà jáde. Kò sí irú ẹ̀ ní ìlú yìí. Kò sí irú ẹ̀ ní ìlú kejì. Ẹ wọkọ̀, ẹ wọkọ̀, ó di afárá!" Píííííììì!

Lẹ́yìn igi, orí Fíúsì wú. Ó wú, ó wú, ó wú débi pé igi náà kò bò ó tán mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, kò sì mọ èwo ni kó kọ́kọ́ nù. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé afárá, ó yí, ó padà sí ilé ìwòsàn, ó tún yí. Iná tó bá ti fẹ́ rẹlẹ̀ báyìí, Fèrè ti tún dé, ó ti tún kí i, ó ti tún jí i. Kò sí èyí tó ráyè fi nǹkan kan pamọ́ nínú wọn. Kò sí olè kankan. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi í yangàn ló ń mu bátìrì gbẹ.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú.

"Ó dáa. Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n jókòó sílé lọ́la nìkan. Iná á mọ́júmọ́, ìgbìmọ̀ á rí i, ẹ ti borí."

"Kí n sọ kí ni? Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Ọjọ́ tí mo máa gbọ́ ọ, ẹ̀yìn igi ni mo wà. Ṣé èmi náà ni kí n tún lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́?"

"Ẹ̀yin ń gbọ́ oríkì, ojúgun mi ń gbọ́ òkúta." Ó fa ẹsẹ̀ yọ nínú omi. "Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó rì í, ta ló ń rìn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́?"

"Kò tó nǹkan. Èmi fúnra mi lọ dúró níbẹ̀, mo kà wọ́n. Ìyẹn ni mo fi mọ bí bátìrì ṣe máa tóbi t..." Fíúsì dákẹ́. Ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. "Yéè! Mo gbé!"

"Kí ló dé?"

"Inú òkùnkùn ni mo ti kà wọ́n! Ta ló fẹ́ wá rìn nínú òkùnkùn yẹn? Mo lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó tilẹ̀kùn, mo ń ka oníbàárà!" Ó ń rìn káàkiri yàrá. "Láti ilé ìwòsàn dé afárá, níbi tí gbogbo ìlú á máa wá, bátìrì ńlá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Láti afárá dé ọ̀dọ̀ wa, ilé là ń lọ níbẹ̀, ẹni tó bá kọjá ti kọjá nìyẹn, kékeré tó o."

"Ṣé owó á ṣì gbé e?"

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Á gbé e. Tìpátìkúùkù, ṣùgbọ́n á gbé e."

"Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá jókòó sílé lọ́la, ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ nǹkankan."

Lóòótọ́, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fi aṣọ àlòkù dán bọ́tìnnì, tó ń súfèé. Bó ti rí ọmọ rẹ̀, ó ju ẹ̀wù náà sẹ́yìn àga.

"Kí lo wá ṣe?"

Fíúsì la ẹnu. Ó wo bọ́tìnnì tó ń dán lẹ́yìn àga. Ó pa ẹnu dé. "Mo ní kí n kí yín ni, Bàbá."

"O ti kí mi. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ìrọ̀lẹ́ tó, ìgbìmọ̀ dé. Ìyá Alága wọ bàtà ìrìn, Akápò kó ọwọ́ sẹ́yìn, inú rẹ̀ ti ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá owó padà fún. "Mo gbọ́ pé wọn kì í rí àárọ̀," ni ó wí. "Kò yà mí lẹ́nu. Bàtà mi náà kò rí ọjọ́ kejì."

Kí Fíúsì tó dáhùn, píííííììì! Ọkọ̀ Fèrè yọ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó gùn ju ti àná lọ. Bí bàbá náà ti rí ọmọ rẹ̀ àti àwọn èèkàn káńsù, ó fi fèrè pamọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ kò tètè mọ̀ pé awakọ̀ ti dúró, gbogbo àgọ́ sì kọ lu ara wọn, ìyàwó ọ̀ṣìngín ti àná fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sódò.

"Kí nìyí?" ni Ìyá Alága béèrè.

Fíúsì bọ́ síwájú. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀: bí bàbá òun ṣe ń kó ìlú wá, bí iná kò ṣe ráyè sinmi, bí òun ṣe ka àwọn ènìyàn nínú òkùnkùn tí òun sì ṣi bátìrì mú. "Àṣìṣe mi ni, mà. Kì í ṣe ti iná. Kì í sì í ṣe ti bàbá mi."

Ojú Fèrè rẹ̀wẹ̀sì. Ó wo àwọn iná, ó wo fèrè ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó bá òkú adìẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Akápò pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ! Iná gbogbo ìlú tí kò fẹ́ kí gbogbo ìlú gba iwájú òun kọjá!"

Ìyẹn ló ta Fèrè jí. Ó jáde síwájú. "Akápò, mo mọ̀ ẹ́ kó o tó mọ owó. Ìgbà tí mo ń wa ọkọ̀, bí èrò bá pọ̀, èédú la máa ń fi kún un. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní ọkọ̀ ti bàjẹ́ nítorí pé èrò wọ̀ ọ́! Ìlú tí kò lè fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí láti ọjọ́ tó ti wà, wọ́n wà níbí. Ta ló kó wọn wá? Fèrè mi ni àbí iná tó dìde kí wọn? Ìyá Alága, ọmọ mi nìyí." Ó fa Fíúsì mọ́ra lójú gbogbo ìlú. "Èmi ni mo bí i. Bátìrì tó ní kí ẹ rà, ẹ rà á. Ó mọ ohun tó ń ṣe ju gbogbo wa lọ, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, agídí ni kò jẹ́ kí n sọ."

Odò pàápàá rọra ń lọ.

"Fíúsì," ni Ìyá Alága wí, "bí a bá fi bátìrì ńlá síbí, ṣé owó wa á ṣì dé ìparí?"

"Á dé ẹnu ọ̀nà ilé tó kẹ́yìn, mà. Kò ní ṣẹ́kù rárá, ṣùgbọ́n á dé."

Ìyá náà wo Akápò. Akápò gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò. Ó ṣe é lọ, ó ṣe é bọ̀. Ó wá ibi tí òun á ti gbá ọ̀rọ̀ náà mú, kò rí. "Ó bọ́ sí i," ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹ̀fọn.

Ìyá Alága tún awò rẹ̀ ṣe. Ó fi bàtà ìrìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú iná kan tó ti rẹlẹ̀. Iná náà dìde gbòòrò, ó tàn sí i lójú, ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí: ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni," ni ó wí. "Ẹ rà wọ́n."

Ariwo tó sọ! Fèrè ṣí fìlà awakọ̀ rẹ̀, ó fi dé ọmọ rẹ̀ lórí. Fìlà kò wọlé. Wọ́n tì í, wọ́n tẹ̀ ẹ́, orí Fíúsì ti kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n rì wọ́n dé ìparí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Fíúsì dìde pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó wọ bàtà, ó ní òun á sìn ín dé ibi iṣẹ́. Wọ́n rìn dé orí afárá, iná ń dìde fún wọn lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti dá a dúró.

"Ọkọ mi, kí lẹ fẹ́ bá mi wá ṣe dé ilé ìwòsàn? Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ fọ̀? Ẹ lọ sùn. Mo ń rí ọ̀nà mi."

Ó lọ. Fíúsì dúró lórí pákó, ó gbára lé ọwọ́ afárá. Ìyàwó rẹ̀ ń yan lọ, ó ń kọrin, ó ń ju ọwọ́. Ọ̀kan dìde níwájú rẹ̀, ọ̀kan rẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dìde, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, tí ó ṣí ilẹ̀kùn, tí ó sì wọlé.